Ọlọ́pàá Tó Kú Sẹ́nu Iṣẹ́: Orúkọ Lára Ògiri, Ẹ̀tọ́ Lọ́wọ́ Opó

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni ọkọ àbúrò mi. Àwọn ajínigbé ló yìnbọn pa á nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gba àwọn èèyàn sílẹ̀. Wọ́n sin ín, wọ́n yìnbọn sókè, ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, gbogbo wa sì padà sílé. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ àfi àwa. Ọmọ mi tó wà ní Maryland wá fi fídíò kan ránṣẹ́: ògiri kan ní Washington tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọlọ́pàá tó kú sẹ́nu iṣẹ́ sí, tí wọ́n sì ń kà á sókè lọ́dọọdún. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣé ẹni tí ìbọn pa nìkan ni? Kí ni àwa náà lè rí dì mú níbí?" (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn:

Ìyá wa, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tu àbúrò yín nínú, á sì bá a wo àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Washington, kí n tó wá sílé, torí ohun tó wà lọ́hùn-ún ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ti ilé yé wa.

Òótọ́ lohun tí ọmọ yín rí. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Judiciary Square ni ògiri náà wà, láàárín àwọn ilé ẹjọ́. Ààrẹ George H. W. Bush ló ṣí i ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1991. Ògiri mábù méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 304, kìnnìún onídẹ sì wà níbẹ̀ tí àgbà inú wọn ń ṣọ́ àwọn ọmọ. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ti lé ní 23,000. Ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù ni Darius Quimby, kọ́ńsítébù kan ní agbègbè Albany, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó mú ìwé àṣẹ lọ́wọ́ lọ mú ẹnìkan ní oṣù Kìíní ọdún 1791, ẹni náà sì yìnbọn pa á. George Washington fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ààrẹ nígbà yẹn.

Ẹ má rò pé ọjọ́ kan ni wọ́n dédé jí tí wọ́n kọ́ ọ o. Ọdún 1962 ni Ààrẹ John F. Kennedy buwọ́ lu òfin tó ya ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn agbófinró tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ wà, orúkọ ò sí. Ogún ọdún kọjá kí wọ́n tó ṣe ìsìn ìrántí tó gbajúmọ̀ báyìí fún ìgbà àkọ́kọ́, ní 1982, nínú ọgbà kan lẹ́bàá ilé aṣòfin, àwọn tó wá síbẹ̀ ò sì ju bí 120 lọ. Ní 1984, ilé aṣòfin fàṣẹ sí i pé kí wọ́n kọ́ ògiri. Ọdún yẹn náà ni àwọn opó àti ẹbí dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Concerns of Police Survivors. Owó tí aráàlú àti àwọn ẹlòmíràn dá jọ ni wọ́n fi kọ́ ògiri náà. Ní 1994, òfin tún fi kún un pé kí wọ́n sọ àsíá orílẹ̀-èdè kalẹ̀ dé ìdajì òpó lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: láti ìgbà tí ọjọ́ ìrántí ti wà títí dìgbà tí orúkọ fi débi tí èèyàn lè fọwọ́ kàn án, ọdún 29 ni. Àwọn opó wà lára àwọn tí kò jẹ́ kó sùn.

Bí wọ́n ṣe ń gba orúkọ wọlé ni ẹ béèrè gan-an. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹnu lásán gbé èèyàn sórí ògiri yẹn. Ilé-iṣẹ́ tí olóògbé ti ṣiṣẹ́ ni yóò kọ ìwé: iṣẹ́ wo ló ń ṣe lọ́jọ́ náà, ibo ló wà, báwo ni ikú ṣe dé. Àwọn tó ń bójú tó ògiri á yẹ ìwé náà wò bóyá ó bá ìlànà mu. Tó bá kúnjú òṣùwọ̀n, àwọn agbẹ́-òkúta á ti gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí i kí ayẹyẹ oṣù Karùn-ún tó dé. Lálẹ́ ọjọ́ 13 oṣù náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á tan àbẹ́là, wọ́n á sì ka àwọn orúkọ tuntun sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdílé olóògbé ló ń jókòó síwájú. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ baba rẹ̀ níbẹ̀ kò ní sọ láéláé pé ìjọba ò mọ̀ pé ó kú.

Àwọn orúkọ tí wọ́n ń fi kún un lọ́dọọdún kì í ṣe ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nìkan. Àwọn òpìtàn àti ẹbí máa ń hú orúkọ àtijọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn tó ti gbó àti nínú àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́. Ẹni tó ti kú láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún lè bọ́ sórí ògiri lọ́dún yìí bí ẹ̀rí bá wà. Èyí ló wù mí jù nínú gbogbo ètò náà, màá sì padà sí i, torí ó kan àbúrò yín.

Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó kíyè sí bí wọ́n ṣe to orúkọ náà. Wọn ò tò ó ní A, B, D. Wọn ò fi ipò tò ó, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fi ọdún tí kálukú kú tò ó. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú ńlá lè bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńsítébù abúlé, ẹni tí ikú pa ní 1920 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ikú pa lánàá. Tí ẹ bá ń wá ẹnìkan, ìwé atọ́nà kan wà níbẹ̀ tó máa sọ apá ògiri àti ìlà tó wà fún yín. Àwọn ẹbí máa ń gbé bébà lé orúkọ náà, wọ́n á fi pẹ́ńsù ra á títí orúkọ á fi yọ sórí bébà, wọ́n á sì gbé e lọ sílé. Ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa, níbi tí ayẹyẹ ò ti lè bẹ̀rẹ̀ láìka oyè fún ogún ìṣẹ́jú, ìtò tí kò mọ ọ̀gá yìí jọ mí lójú gidigidi.

Ó wá kan ìbéèrè yín kejì. Rárá o, kì í ṣe ẹni tí ọ̀daràn yìnbọn pa nìkan. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ikú ogun ní í pa akínkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Ikú tó ń pa ọlọ́pàá ju méjèèjì lọ. Jàǹbá ọkọ̀ wà níbẹ̀, àìsàn wà níbẹ̀, àṣìṣe ẹlẹgbẹ́ ẹni náà wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ti Christopher Eney, sájẹ́ǹtì nínú àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò ló wà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1984 nígbà tí ìbọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèèṣì bà á. Kò sí ọ̀daràn kankan níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní irú ikú bẹ́ẹ̀ kò tó ohun tí à ń kọ sára òkúta. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sọ wà lára ohun tí wọ́n gbẹ́ sí ògiri náà fún gbogbo ayé láti kà. Vivian Eney Cross ni obìnrin náà ń jẹ́. Ó ní bí wọ́n ṣe kú kọ́ ló sọ àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí di akọni, bí wọ́n ṣe gbé ayé wọn ni.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí àwọn apániláyà fi ọkọ̀ òfurufú kọ lu àwọn ilé gogoro ní New York, agbófinró 72 ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mẹ́tàlélógún nínú wọn jẹ́ ọlọ́pàá ìlú New York, 37 sì jẹ́ ti Port Authority, àwọn tó ń ṣọ́ èbúté àti pápákọ̀ òfurufú. Ikú ò parí síbẹ̀. Àwọn tó fa eruku ilé gogoro tó wó símú bẹ̀rẹ̀ sí í ní jẹjẹrẹ àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Orúkọ tiwọn náà ń bọ́ sára ògiri, torí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ló pa wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n kú sí.

Ọ̀rọ̀ owó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ògiri, ìwé tirẹ̀ sì yàtọ̀. Òfin àpapọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní 1976 ló sọ pé kí ìjọba fún ìdílé ọlọ́pàá tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ ní 50,000 dọ́là. Ní 2001, ó di 250,000. Wọ́n sì so ó mọ́ bí ọjà ṣe ń gbówó lórí, tó fi ti kọjá 400,000 báyìí. Bí ẹ bá wo ìtàn òfin náà, ẹ ó rí i pé ńṣe ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 2003, wọ́n fi àwọn tí ọkàn wọn dúró tàbí tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn iṣẹ́ agbára kún un. Ní 2020, wọ́n fi àwọn tí àrùn Kòrónà pa kún un. Ní 2022, wọ́n gbà pé ọlọ́pàá tí ohun tó fojú rí lẹ́nu iṣẹ́ dà lọ́kàn rú títí ó fi gbẹ̀mí ara rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́, bí ẹ̀rí bá wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí, a ò tíì gbójú sókè sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀run rere ni ti Amẹ́ríkà: ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti ráhùn pé ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó dá àwọn lóhùn lórí owó náà.

Kí n tó kúrò lókè òkun, ẹ jẹ́ kí n fi ìlànà mìíràn kún un, torí ó rọrùn fún wa ju ògiri lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1984, wọ́n yìnbọn láti inú ilé aṣojú Líbíà ní St James's Square, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pa ọlọ́pàá obìnrin kan tó ń jẹ́ Yvonne Fletcher. Ọmọ ọdún 25 ni. Michael Winner tó ń ṣe fíìmù dá àjọ kan sílẹ̀ nítorí ikú yẹn, àjọ náà sì gbé òkúta kékeré kan kalẹ̀ níbi tó ṣubú sí. Margaret Thatcher ló ṣí i ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1985. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé irú òkúta bẹ́ẹ̀ sí ojú ibi tí ọlọ́pàá bá kú sí, ní ẹ̀gbẹ́ títì, lẹ́nu ọ̀nà ilé. Àwọn èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kà á á dúró.

Mo mọ ohun tí àwọn kan tó ń ka èyí á ti máa sọ báyìí: ọlọ́pàá wo lẹ ní ká yẹ́ sí? Àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ wa lójú ọ̀nà? Mi ò ní díbọ́n pé ìbéèrè náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ jáde nítorí ohun tí àwọn SARS fojú wọn rí, ẹ̀mí sì bọ́ nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá náà kéde lẹ́yìn rògbòdìyàn yẹn pé ọlọ́pàá 22 ló kú. Ẹ bi ẹni mẹ́wàá ní Dùgbẹ̀ kí wọ́n dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn 22 náà fún yín. Iye ni a gbọ́. Iye kò ní ìyàwó, kò sì ní ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan ló yẹ ká máa béèrè, pẹ̀lú ìwádìí lórí ikú kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí yẹn ló máa ya ọkọ àbúrò yín tó lọ gba èèyàn lọ́wọ́ ajínigbé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kú níbi tó ti ń fìyà jẹ aráàlú. Ẹni tó bá ní ká má yẹ́ ẹnikẹ́ni sí nítorí àwọn tó ń bàlú jẹ́ ti da igi tútù pọ̀ mọ́ gbígbẹ. Ẹni tó bá sì ní ká yẹ́ gbogbo aṣọ dúdú sí láìwádìí, irọ́ ló fẹ́ fi bo orúkọ ẹni rere mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó kú lọ́dún 2020 náà, orúkọ tọ́ sí wọn, kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó yé ara wa.

Ó kù ti ilé. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, tó bá ìparí ogun abẹ́lé ní 1970 mu, ni à ń rántí àwọn ológun, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá náà sì máa ń fi òdòdó lélẹ̀ níbẹ̀. Ní 2024, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Ọlọ́pàá lọ́dọọdún. Ó dáa. Ẹ rántí pé Amẹ́ríkà náà ti ní ọjọ́ láti 1962. Ohun tí èmi máa fẹ́ kí àwọn opó bárékè máa fi ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin béèrè ni pé kí wọ́n ka orúkọ àwọn tó kú lọ́dún tó kọjá sókè, ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níwájú kọmíṣánnà, kí ó tó kan ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Kò gba mábù. Kò gba owó.

Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ àbúrò yín lábẹ́ òfin nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí gbogbo agbanisíṣẹ́ ra ínṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí iye rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún. Tí ẹnìkan bá ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà lóṣù, mílíọ̀nù 1.2 ni lọ́dún, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ á jẹ́ mílíọ̀nù 3.6. Pẹ̀lú bí ọjà ṣe rí, kò lè tọ́ ọmọ kan jáde ní yunifásítì aládàáni, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ni. Àǹfààní yìí wà fún òṣìṣẹ́ tó bá kú nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ì báà jẹ́ ìbọn, ì báà jẹ́ ibà. Owó kejì ni èyí tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, tí NPF Pensions ń bójú tó fún àwọn ọlọ́pàá. Ẹni tí ìwé ìhágún bá dárúkọ ló máa gbà á, tàbí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Bí kò bá sí wọn, ẹni tó kọ sílẹ̀ bí ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, tàbí ẹni tí ọ́fíìsì Probate ní ilé ẹjọ́ bá fún ní ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ogún. Òfin yẹn tún rántí àwọn tí a ò rí òkú wọn: bí òṣìṣẹ́ bá sọnù tí ọdún kan kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti kéde rẹ̀, tí ìgbìmọ̀ olùwádìí sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu láti kà á sí òkú, ẹbí rẹ̀ lè gba owó. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn mìíràn tí wọ́n gbé ọkọ wọn lọ nínú igbó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú jù ni orúkọ ẹni tí yóò gba owó ínṣọ́ránsì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ló kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbaṣẹ́, wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ mẹ́rin, wọn ò padà lọ yí i. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ ní ti àbúrò yín, ẹ má fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe àgbà ilé ọkọ rẹ̀ jọ kí ẹ tó gba ilé ẹjọ́ lọ, torí ìwé tí a bá fọwọ́ sí pọ̀ lágbo ẹbí máa ń mú kí fáìlì yá. Bí ẹ bá sì mọ ọlọ́pàá tó ṣì wà láyé, ẹ ní kó lọ wo ohun tó kọ sílẹ̀.

Kí àbúrò yín lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìgbáyé-gbádùn ní olú-ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Kó mú ìwé ẹ̀rí ikú dání, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìwé owó oṣù tó gbà kẹ́yìn, nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà ni kó fi sílẹ̀, kó mú ojúlówó padà sílé. Kó jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tirẹ̀ pé àwọn ti gbà á, pẹ̀lú ọjọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó mú nǹkan wá kí fáìlì tó rìn, kó béèrè orúkọ ẹni náà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Èyí tó kù ni màá fẹ́ kí ẹ ṣe fúnra yín. Ẹ kọ ojú ìwé kan péré nípa ikú ọkùnrin yẹn: orúkọ rẹ̀ pátápátá, nọ́ńbà rẹ̀, ipò rẹ̀, tẹ́ṣàn rẹ̀, ọjọ́ àti àkókò tó kú, ibi tó ṣubú sí, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn, iye èèyàn tí wọ́n rí gbà sílẹ̀. Kí ẹni méjì tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i. Irú ìwé báyìí ni wọ́n fi ń gbé ẹni tó ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún sórí ògiri ní Washington, ibi tí kò bá sì sí kò sí ohun tí ògiri fẹ́ gbà. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí kọmíṣánnà, ọ̀kan sí aṣòfin àgbègbè yín, ọ̀kan sí ìjọ tàbí mọ́sáláṣí rẹ̀, ọ̀kan sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ baálẹ̀ ibi tó kú sí bóyá wọ́n á gba òkúta kékeré kan láyè níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá o, kí ẹ má sì jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀: tránsífà ọlọ́pàá kì í pẹ́ dé, bó bá sì ti gbé àwọn tó rí i lọ sí Ṣókótó tàbí Calabar, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan á di iṣẹ́ ọdún kan.